Èjìká Ọ̀tún Ìyá Ìwọ̀n

Bí o bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Ìwọ̀n jẹ́, lọ sọ fún un pé kó rán aṣọ fún ọ láìwọ̀n ọ́. Yóò wò ọ́ láti òkè délẹ̀, yóò ní, "Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Télọ̀ ni, ogójì ọdún gbáko ló sì ti fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù: ti nọ́ọ̀sì, ti ọlọ́dẹ ilé ìfowópamọ́, ti àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù tí kò bá a mu ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn gbogbo ayé yìí, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rí. Ó sì nídìí. Ogójì ọdún tó fi tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti aṣọ, ti fa èjìká ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀. Ínǹṣì kan ààbọ̀ ló fi rẹlẹ̀ sí ti òsì. Nítorí náà, inú gbogbo bùláòsì rẹ̀, mọ́kànlá ni wọ́n, ló ti rán tìmùtìmù kékeré kan mọ́ èjìká ọ̀tún. Bó bá dúró, èjìká méjèèjì á gún régé bíi rúlà. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ká a mọ́ ibi tó ti ń rán wọn nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Ìkìlọ̀ tó gbà lọ́jọ́ náà kò gùn: "Bí o bá la ẹnu sọ ọ́, màá fi òwú rán ẹnu náà pa."

Ọmọ ọ̀hún ti pé ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ìhámọ́ra ló ń yà fún àwọn jagunjagun inú géèmù, àwọn géèmù tí ẹranko ti ń tu iná lẹ́nu, tí idà ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Àṣíborí, ìgbàyà, bàtà irin, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ya gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í fi àlàyé dá ara rẹ̀ lágara. Bí wọ́n bá bi í pé kí lọmọ rẹ̀ ń ṣe, á yan àyà síwájú: "Télọ̀ ni bíi tèmi. Irin ló ń rán ní tirẹ̀." Irọ́ kọ́ ló sì pa.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lórí obìnrin kan tí kò sí láyé. Nínú géèmù tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ìyá àgbà kan wà tó ti ń dá ṣọ́ ẹnubodè ìlú láti ọgbọ̀n ọdún, àáké gígùn léjìká. Ọmọ Ìyá Ìwọ̀n ló dá a lábàá, oṣù mẹ́jọ ló sì fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó tó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe ogún èèyàn wá dán géèmù náà wò, tí wọ́n ní kí kálukú mú jagunjagun tó wù ú, kò sẹ́ni tó mú ìyá àgbà. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ béèrè pé ṣé ìkòkò ni. Ọ̀gá ní bí kò bá yí padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà yà sílé ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Ìwọ̀n mú un lọ bá a ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú tépù lọ́rùn, nítorí kì í rántí bọ́ ọ. Yàrá kékeré ni: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà méjì, ife tíì mẹ́ta tó ti tutù. Ojú ọmọ pọ́n bí ojú ẹni tó ti sunkún. Lójú kọ̀ǹpútà, ìyá àgbà ẹnubodè ń yí po díẹ̀díẹ̀, irin ara rẹ̀ ń dán gbinrin.

Ìyá Ìwọ̀n wò ó títí. "Ta lo yá aṣọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Màámi, mi ò yá a. Mo yà á ni."

"O yá a! Ṣé èmi lo fẹ́ fi aṣọ àyálò tàn jẹ? Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ti ta ni?"

Ọmọ náà túúbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin balógun kan nínú géèmù náà ló ni ìhámọ́ra yẹn. Nítorí pé àkókò ò tó, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ níbàdí, kó ṣe àyà rẹ̀ bíi ti obìnrin, wọ́n sì gbé e wọ ìyá àgbà.

Ìyá Ìwọ̀n fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà tuntun.

"Òun àti ta ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹnubodè?"

"Òun nìkan ni, Màámi."

"Ta ló wá ń bá a so gbogbo okùn ẹ̀yìn yìí láràárọ̀?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹ̀yìn obìnrin onírin náà. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ, kò ro ìyẹn rí.

"Ẹni tó ń dá múra, ẹ̀gbẹ́ ló ń so okùn sí, níbi tí ọwọ́ òsì ti lè tó o. Èjìká wo ló ń gbé àáké lé?"

"Ọ̀tún."

"Fún ọgbọ̀n ọdún! Èjìká méjèèjì wá dọ́gba? Ọmọ yìí, irọ́ gbuu nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ ohun tó sọ. Ojú ọmọ rẹ̀ ti kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ti wà lára èjìká ìyá rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Má wulẹ̀ rò ó," ni Ìyá Ìwọ̀n wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan, Màámi."

"O ti sọ ọ́."

Ojú ń tì í. Inú ń bí i sí ẹnu ara rẹ̀. Ohun tó ti fi pa mọ́ láti ọjọ́ yìí ni wọ́n fẹ́ lọ gbé síwájú gbogbo ayé! Ó tún wo obìnrin onírin náà bó ṣe ń yí po nínú aṣọ aláṣọ, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ta ni yóò mú un, tí ẹni tó rán aṣọ fún un kò bá wọ̀n ọ́n? Ìyá Ìwọ̀n kò fi oníbàárà kankan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àlùmọ́gàjí kékeré inú báàgì rẹ̀ já òwú, ó fa tìmùtìmù náà yọ, ó sì bọ́ tépù lọ́rùn fún ọmọ rẹ̀.

"Wọ̀n mí. Bí o bá ṣì í wọ̀n báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ rèé, mò ń lọ sílé mi."

Ọmọ náà gba tépù. Ó wọ̀n láti ọrùn dé ṣóńṣó èjìká, láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, ìyá rẹ̀ sì ń pàṣẹ: "Má fà á. Jẹ́ kó sùn lára. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, irin èjìká ọ̀tún ti fi ínǹṣì kan ààbọ̀ rẹlẹ̀. Awọ tí wọ́n tẹ́ sórí irin náà, níbi tí àáké ń sùn lé, ti gbó, ó ń dán. Okùn ti wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbàyà ní àbùlẹ̀ irin kan tí a kàn mọ́ ọn, iṣẹ́ ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe. Wọn ò fọwọ́ kan ojú ìyá àgbà. Àṣíborí ló bò ó tẹ́lẹ̀, òun náà ló ṣì bò ó. Aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀, ó wá dà bí ẹni pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ ni.

Wọ́n tún pe ogún èèyàn náà padà. Ọmọbìnrin tó pè é ní ìkòkò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Hẹn-ẹn! Màmá yìí ti ja ogun o." Mẹ́tàlá nínú ogún ló mú un. Ọ̀gá wo èjìká náà, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i.

"Ìdílé wa ló ti wá, sà," ni ọmọ Ìyá Ìwọ̀n dáhùn, ó sì gbórí sókè.

Nígbà tí géèmù náà jáde, ilé iṣẹ́ gbé àwòrán ìyá àgbà ẹnubodè sára ògiri iwájú, ó ga tó àjà méjì. Ìyá Ìwọ̀n mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ wò ó, olórí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun ló ń ránṣọ fún láti ogún ọdún. Kò tíì sọ ìtàn kankan fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró gbagidi.

"Ìyá Ìwọ̀n! Kí lo wá dé inú irin?"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni? Ojú rẹ̀ ò hàn."

"Kí ni ti ojú? Ṣé èmi ni mi ò ní mọ èjìká rẹ? Ìgbàkígbà tí o bá nawọ́ sókè láti wọ̀n mí, tìmùtìmù yẹn á sá lọ sẹ́yìn ọrùn rẹ. Gbogbo wa la mọ̀. À ń fojú fò ó ni."

Ìyá Ìwọ̀n fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi gbá ògiri mú. Ó wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun ya òun ní fọ́tò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kó bùláòsì mẹ́wàá tó kù sórí itan, ó mú àlùmọ́gàjí. Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń bọ́ ìhámọ́ra mi," ló dáhùn, ó sì já òwú àkọ́kọ́.