Ìgò Méjì Lójú Fèrèsé

Ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀ ní òórùn tirẹ̀. Ó jọ eruku, ó jọ àpò tó ti pẹ́ nínú ilé, ó sì máa ń gbóná sí imú díẹ̀. Òórùn náà ló gba ilé ìdáná mi kan ní Becontree Heath, ní London, ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ọ̀rẹ́ mi, ojú sì ń tì mí. Mo ti ra ẹ̀wà olóyin àpò ńlá kan ní ọjà Heathway, mo gbàgbé láti kó o sínú fírísà, ooru sì ti jí àwọn ará inú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tí mò ń bá gbé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di imú.

"Mummy, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù, please. Kí council tó ni ilé má wá lé wa jáde nítorí ẹ̀wà o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwa ìyá ìjọ pàdé ní ilé àdúrà wa láti ṣa ẹ̀wà mìíràn. Bàbá kan nínú ìjọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó lọ, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá lọ tí òun bọ̀, ẹ̀wà ilé lòun yóò fi bọ́ gbogbo ọmọdé ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Odidi àpótí ìrìnàjò kan ló kó o sí. Bó ṣe gbé e kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú, a ò bi í.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi wá kòkòrò kan ṣoṣo níbẹ̀!" Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bù ú sókè. "Ẹ̀wà ọdún tó kọjá rèé o, inú yàrá àbúrò mi ló wà látọjọ́ yìí."

Olórí ìdáná ní, "Bàbá, ẹ̀wà yín mọ́ ju ọkàn wa lọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mú ẹ̀wà kan sókè, mo ń wò ó. Kí n tó wá sí ìlú yìí, sítọ́ọ̀ ńlá tí ìjọba ń kó ọkà àti ẹ̀wà pamọ́ sí n'Íbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wa sì ni ká máa yẹ ẹrù wò, ká sì máa pa kòkòrò inú rẹ̀. Ọ̀gá wa kọ́ wa pé abo kòkòrò ẹ̀wà máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara èèpo, funfun bíńtín bí iyọ̀. Ọmọ rẹ̀ á gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ìgbà tó bá dàgbà ni yóò lu ihò jáde. Mo yí ẹ̀wà bàbá sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ẹyin, kò sí ihò. Ẹ̀wà ọdún kan, nínú ooru ilé wa! Kí ló lé wọn bí kì í bá ṣe òògùn?

Ta ni màá sọ ọ́ fún? Bí mo bá purọ́ mọ́ ẹ̀jẹ́ èèyàn ńkọ́? Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú áńkáṣífù mi, mo bá tèmi lọ. Nílé, mo wá ìgò jáàmù méjì. Mo da ẹ̀wà bàbá sí ọ̀kan, mo da tèmi sí èkejì, mo ṣa kòkòrò mẹ́wàá-mẹ́wàá láti inú àpò mi tí mi ò tíì dà nù sínú wọn, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ dè wọ́n lẹ́nu, mo gbé wọn sójú fèrèsé.

Ọmọ mi wò mí títí. "Mummy, ẹ ti wá ń sin wọ́n báyìí?"

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbé ìgò méjèèjì, mo gbọ̀n wọ́n. Gbogbo kòkòrò ti nà gbalaja, nínú ti bàbá àti nínú tèmi. Àbí ìgò ló pa wọ́n? Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn ìyá ìjọ yóò rẹ ẹ̀wà bàbá. Ìgbà náà ni mo rántí pé kòkòrò yẹn máa ń díbọ́n bí òkú tí a bá gbọ̀n ọ́n. Mo gbé wọn padà sójú fèrèsé, mo jókòó, mo ń gbàdúrà pé kí kòkòrò gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan mira nínú ìgò tèmi. Òmíràn tẹ̀lé e. Nínú ìgò bàbá, kò sẹ́ni tó mira.

Mo gbé ìgò méjèèjì lọ sílé àdúrà. Bàbá gbọ́rọ̀ mi tán, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá, ṣé kòkòrò lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ ṣáà pe àbúrò yín."

Ó pè é, gbogbo wa sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo fín in díẹ̀ ni o. Mi ò fẹ́ kí kòkòrò dójú tì yín níwájú àwọn ará London."

"Kí lo fín sí i?"

"Òògùn aáyán ni."

Bàbá jókòó sórí àga, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "Ẹ̀jẹ́ mi wá ńkọ́?"

Ojú tún tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. "Ẹ̀wà wà nílé mi. Ó ní kòkòrò o."

"Ṣé wọ́n ń rìn?"

"Wọ́n ń rìn, bàbá."

"Ẹ gbé e wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló wọ awò ojú, tó bá wa ṣà á. A rẹ ẹ́, èyí tó ti dihò léfòó, a gbọ́n ọn dànù. Ọmọ mi ló wá ibi tí council ti ń gba nǹkan olóró, ibẹ̀ la kó ẹ̀wà inú àpótí lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi, bí àwọn ọmọ ṣe ń jẹun, mò ń ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kékeré kan sì pariwo, "Eww! There's a bug in mine!" Bàbá dìde, ó wo àwo náà dáadáa, ó fi tirẹ̀ pààrọ̀ fún un, ó sì jẹ ti ọmọ yẹn tán pátá.

Ọdún mélòó ni mo fi pa kòkòrò n'Íbàdàn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i! Títí dòní mo ṣì ń kó ẹ̀wà sínú fírísà, torí òtútù ń pa wọ́n, kì í sì í pa wá. Ṣùgbọ́n kí n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo máa ń fi ìka tú ẹ̀wà náà díẹ̀, bóyá mo lè rí ẹnì kan tó ń rìn. Bí mo bá rí i, ara mi á balẹ̀.