Aṣọ Tí Mo Ya Ìtàn Ọ̀tà Sí

Mo rántí òórùn aró tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ láyé òyìnbó, tí ọkọ mi fi máa ń ní òun ti ń gbóòórùn mi kí n tó wọlé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ń ya, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Tíṣà ni òun. Ọdún gbọọrọ ló fi ń tọ àwọn àgbà Ọ̀tà lọ, tó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó àti àdúgbò tó kọ́kọ́ dé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́, ikọ́ sì ti gbé e dè. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á kú kí ará ìlú tó mọ ohun tí òun rí.

Èmi ọlọ́gbọ́n ayé ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n yà á sáṣọ. Ẹni tí ò mọ̀wé náà á rí i."

Mo fi ìyẹ́ adìyẹ yà á, àdúgbò tó kọ́kọ́ dé lókè, èyí tó tẹ̀ lé e lábẹ́ rẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀. Inú ọkọ mi dùn bíi tọmọdé. Mo ró o lọ sọ́jà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Ìyàwó tíṣà, ta ló ní kí o máa fìdí jókòó lé baba wa lórí?"

Àdúgbò tiwọn ló bọ́ síbi ìdí mi lára aṣọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní mo ń wọ́ àwọn nínú ẹrẹ̀. Mo tún un yà, àwọn mìíràn tún dé. Apá ń ro mí, ọ̀rọ̀ wọn sú mi. Níkẹyìn mo ya ọjà sí àárín, mo fi gbogbo àdúgbò yí i ká, mo sì ya bẹ́ẹ̀ káàkiri aṣọ. Kò sẹ́ni tí wọn ò ní jókòó lé, kò sì sẹ́ni tó wà lókè. Àwọn àgbà yìn mí, wọ́n ra irú rẹ̀ fún ìyàwó wọn.

Ọkọ mi tẹ́ ẹ sórí itan, ó wò ó títí.

"Ó rẹwà o. Ṣùgbọ́n ta ló wá kọ́kọ́ dé?"

Mo gbé ìkòkò aró mi, mo jáde. Aṣọ náà ló fi bora títí tó fi kú.

Ní báyìí tí ilé iṣẹ́ ti gba oko wa ní Sángo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá ya fọ́tò aṣọ náà. Wọ́n ní ó hàn gbangba pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo àdúgbò dé. Mo máa ń gbé ìwé ọkọ mi fún wọn. Wọ́n á ṣí i díẹ̀, wọ́n á dá a padà. "Màmá, aṣọ yìí ló yé wa jù." Ó ti rẹ̀ mí, mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Tí wọ́n bá lọ tán, mo máa ń dá ọkọ mi lóhùn nínú iyàrá. Mo máa ń dárúkọ àdúgbò tó kọ́kọ́ dé.