Ọ̀dà Tí Mi Ò Fọ̀ Kúrò Lára Bàbá Mi

Òórùn kẹrosíìnì ṣì máa ń mú mi rántí ọrùn bàbá mi. Ní Ìsọlọ̀ nígbà náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n. Bàbá Sùpọ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Akunlé ni wọ́n, àmọ́ lọ́jọ́ tí orílẹ̀-èdè wa bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, olówó ò lè rí wọn gbé síṣẹ́. Wọ́n á kírun àárọ̀ tán, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí màá fi kùn wọ́n lójú lọ́rùn tán: àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Etí ọ̀tún ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ti òsì bẹ̀rẹ̀, wọ́n nà wá nínú bọ́ọ̀lù, bàbá sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni aṣọ́lé.

Àtíkè aláwọ̀ la ń lò tẹ́lẹ̀. Òjò wá fọ̀ ọ́ dànù lára wọn lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín dé ilé. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni mo dá a lábàá pé ká lo ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun gẹ́ètì. Àfáà àdúgbò kìlọ̀ pé kò ní jẹ́ kí omi àlùwàlá kan ara. Bàbá ní kò séwu, bí àwọn bá ti dé, kí n fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí àwọn tó kírun. Mo sì ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a borí. Bàbá jó yí àdúgbò Okota ká kí wọ́n tó wálé. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ọrùn sí mi.

“Ìyá mi, wá fọ̀ mí o.”

Fóònù ni mò ń tẹ̀. Fọ́tò wọn ti gba ojú fóònù gbogbo ayé, orí mi ń wú. Mo ní, “Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la.” Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n lọ sùn pẹ̀lú ọ̀dà náà lára. Nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la mọ́, bàbá ò jí mọ́.

Àwọn tó fẹ́ wẹ òkú fọ ọ̀dà títí, ó kọ̀. Àfáà yọjú, wọ́n ní, “Kí ló dé tí ẹ ò fọ èyí lánàá?”

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Bàbá ni wọ́n ní ká fi sílẹ̀, sà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sùn.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mi orí. “Áà! Bọ́ọ̀lù ti gba ìrun lọ́wọ́ àbúrò mi.”

Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń júwe fún àwọn tó ń wẹ òkú: ẹ fi òrí pa á, ẹ jẹ́ ó rọ̀, ẹ wá fi òwú nù ún. Ẹ rọra lẹ́yìn etí, ó máa ń dùn wọ́n. Kó tó di ìrun ọ̀sán, omi kan ara wọn, wọ́n sin wọ́n.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ bàbá mi ní Ìsọlọ̀, wọ́n á ní èèyàn dáadáa ni, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ìrun lọ. Bàbá mi tí kì í fi ìrun ṣeré! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí láti lọ jẹ́wọ́ fún àfáà, tí mo padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Títí wọ́n fi kú, ọdọọdún ni wọ́n ń tọrọ àforíjìn fún àbúrò wọn nítorí ìrun tí wọ́n rò pé ó tìtorí bọ́ọ̀lù pa tì, èmi náà á sì máa ṣe àmín.