Ajá Tí Mo Bá Du Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹja

Eṣinṣin tí kò sí ni ó kọ́kọ́ ń hán jẹ. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń fọwọ́ láti jẹ ẹ̀bà. Ajá ìyàwó mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé afẹ́fẹ́ jẹ, kápú, kápú, bí ẹni ń pa eṣinṣin. Mo wò yíká, n kò rí ẹyọ kan. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àfi bí mo ṣe rí i pé ojú rẹ̀ dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jà bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lórí símẹ́ńtì, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ, ó sì tọ̀ sára.

"Dìgbòlugi!" ni mo ké. Mo sáré lọ pe aládùúgbò wa, Sájẹ́ntì kan, ọmọ Ọ̀fà, pé kó gbé ìbọn rẹ̀ wá. N kò ní purọ́ fún yín: ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlara ni ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ajá ṣe di orogún mi. Lọ́dún 1969, iṣẹ́ aṣọ́bodè gbé mi dé èbúté Port Harcourt. Ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, tẹ̀lé mi wá. Àwọn ọmọ wa méjèèjì dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta nítorí ogun kò tíì parí. Ní Rumuola tí a ń gbé, ó rí ajá pupa kan lẹ́yìn ilé tí àwọn onílé ti sá fi sílẹ̀. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ti wọnú ẹran ara, eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ó gé okùn náà, ó fi omi iyọ̀ fọ egbò, ó sì mú un wálé. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ti di ti ajá. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Jẹun, ọkọ mi." Bí mo bá gbọ́ "ọkọ mi" láti ilé ìdáná, mo máa ń dáhùn, ajá á sì ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Àwọn àgbà a máa fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀. Èmi náà sọ ọ́ ní Ẹ̀tọ́midà, kí ìyàwó mi lè máa gbọ́ ẹjọ́ mi nígbàkígbà tó bá ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kò kúkú bi ẹni tó sọ orúkọ bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tí èmi àti Sájẹ́ntì fi dé, Ìyá Dúpẹ́ ti dúró níwájú ajá.

"Ẹ yìnbọn fún èmi ná."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ajá náà bù jẹ?" Sájẹ́ntì bi mí.

Kí n tó wá irọ́ kan, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọmọ ìlú náà gan-an, ti pariwo láti ojú ààrò rẹ̀: "Soja, hold am! Dis dog no craze. Since before war e dey fall so. E go get up now-now."

Lóòótọ́ ló dìde. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó fẹsẹ̀ gbá àga, ó sì lọ tààrà síbi ẹ̀bà mi. Ó jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì dókítà ẹran láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, láàárín ewúrẹ́ àti tòlótòló. Dókítà ní kí a so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí a má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ dìgbòlugi ló mú un, kò ní í pé ọjọ́ mẹ́wàá náà láàyè. Mo ka ọjọ́ náà bí ẹni ń retí owó oṣù, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́ síbí. Ní ọjọ́ kẹwàá, ajá ju ìrù sí mi.

Wárápá ni. Bí dókítà ṣe là á yé wa, ọpọlọ dà bí ọ́fíìsì tẹlifóònù tí ń pín ọ̀rọ̀ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nígbà tí gìrì bá dé, gbogbo aago ibẹ̀ a dún lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ranni. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má ki ọwọ́ tàbí ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ kó àga kúrò lọ́nà, kí ẹ dúró. Bí ajá tí ẹ kò mọ̀ bá ń hó lẹ́nu, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀. Oògùn rẹ̀ ń jẹ́ finobábítóònù, hóró funfun kékeré, ààbọ̀ láàárọ̀, ààbọ̀ nírọ̀lẹ́. Kì í wo wárápá sàn, ó ń dè é mọ́lẹ̀ ni. Dókítà ní ẹni tó bá tú u lójijì yóò rí ìjà rẹ̀.

Oògùn náà korò. Inú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja ni Ìyá Dúpẹ́ ń fi í pamọ́ sí. Ẹ gbọ́ mi: láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, èmi ni mo ni orí ẹja nínú ilé yẹn! Mo wá ń jẹ ìrù, mo ń wo ajá tó ń lá ẹnu.

Nígbà tí ogun parí, ìyàwó mi lọ kó àwọn ọmọ wá. Ó tẹnu mọ́ ọn fún mi: "Bàbá Dúpẹ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja o."

N kò gbàgbé. Mo jẹ ẹ́ ni. Mo ju oògùn lásán síwájú ajá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú kúrò. Mo ní ṣé ọba ni? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo bá a nílẹ̀ ilé ìdáná. Gìrì kan kò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀. Irú èyí ló ń pa ajá oníwárápá. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ má dúró mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Mo fi ẹ̀wù iṣẹ́ mi wé e. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọkàn rẹ̀ ń lù mọ́ àyà mi. Sájẹ́ntì tí mo pè pé kó pa á náà ló fi ọkọ̀ ológun gbé wa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni dókítà béèrè: ìgbà wo ló lo oògùn kẹ́yìn? "Àná" ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n mo rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn mi ni yóò fi wọn oògùn inú rẹ̀.

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo jẹ ẹja náà."

Ó wò mí, ó sì gún ajá lábẹ́rẹ́.

Lórí bẹ́ǹṣì, Sájẹ́ntì rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ajá lẹ bá du ẹja?"

"Ẹja nìkan kọ́," ni mo wí.

Gìrì dúró kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tí ajá jí, kò ríran; dókítà ní ojú rẹ̀ yóò là tó bá yá. Ó ń kọlu ògiri, ó kùn mọ́ mi bí ẹni pé àlejò ni mí. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ọwọ́ sí i. Nígbà tó pẹ́, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì gbé orí lé ẹsẹ̀ mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣa egungun kúrò lára ẹja fún un.

Ìyá Dúpẹ́ dé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo jẹ́wọ́ kó tó tú gèlè.

"Bàbá Dúpẹ́! Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu aláìsàn?"

Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, àfi nípasẹ̀ ọmọ: "Dúpẹ́, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, bí ajá ṣe gbọ́ ohùn ìyàwó mi lójú ọ̀nà, ó fò kúrò lẹ́sẹ̀ mi, kò bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn gbogbo ẹja yẹn! Orogún mi ti yí padà. Ìyàwó mi ni mo wá ń jowú.

Ẹ̀tọ́midà ṣì ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń jókòó tì í títí ara rẹ̀ á fi rántí bí wọ́n ṣe ń dìde, mo sì ń dúpẹ́ pé tèmi kò tíì gbàgbé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì ni ẹja ní. Ti ọ̀tún ni ti oògùn, ti òsì ni tèmi. Èmi ni mo ń fún un báyìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n kò sì gbà kí ẹlòmíràn bá mi fún un.