Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Tọ̀

Òórùn àárọ̀ ìgbà èwe mi, pẹtiróòlù tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ni. Ní Ugbónlà, kí ẹnikẹ́ni tó dáná, bàbá mi ti wà nídìí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó ń fa okùn ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbà, kò ní tíì jókòó. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà títí omi tín-ín-rín kan yóò fi tú jáde. Omi odò ni, tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú láti fi tu ara rẹ̀, tó sì ń dà padà. Àwa kì í pè é ní nǹkan mìíràn: ẹ́ńjìnnì ń tọ̀ nìyẹn. Gbogbo èrò inú ọkọ̀, títí kan ìyàwó pásítọ̀, á na ọrùn wò ó. Bàbá mi á ní, "Ó ti tọ̀," a ó sì gbéra. Bí kò bá tọ̀, á pa á kíá, nítorí yóò jóná kó tó dé Awóyè.

Màmá mi ń ta ẹja yíyan àti edé gbígbẹ. Bàbá mi á gbé e dé Igbókòdá, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì wọ lọ́rì láti ibẹ̀ lọ sí Oǹdó. Lọ́jà Oǹdó, orí àpò ló máa ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ẹja rẹ̀, títí ọjà á fi tán. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, òjò pa á síbẹ̀, ó sì gbé ikọ́ bọ̀ wálé. Ikọ́ náà kò lọ. Ilé pákó ni tiwa, kò sí yàrá tí èèyàn lè wọ̀ tí kò ní gbọ́ ọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo sì mọ̀ pé ó ń ba bàbá mi náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé òun máa ra ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú.

Ẹ má gbàgbé pé Ugbónlà kò ní ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ara ògiri ni wọ́n gbé e kọ́. Bàbá mi kò wa ọkọ̀ ilẹ̀ rí. Àmọ́ ó mọ ẹ́ńjìnnì, gbogbo ìlú ló gbà bẹ́ẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ gbà.

Ọkùnrin kan wà ní Igbókòdá tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Dírẹ́bà, tó ti wakọ̀ fún àwọn òyìnbó elépo. Nígbà tí àwọn òyìnbó rẹ̀ kó lọ, bọ́ọ̀sì àtijọ́ méjì ló kù sí i lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé rìnrìn àjò tí wọ́n sì ń sùn nínú rẹ̀. Méjèèjì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Méjèèjì ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì, àti sítóòfù kékeré kan. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ti àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn. Inú bàbá mi dùn sí ìyẹn, nítorí kò yé e rí ohun tí ẹ́ńjìnnì ń wá níwájú ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá béèrè ibi tó ti ń tọ̀. Ọ̀gá Dírẹ́bà ní kì í tọ̀, pé atẹ́gùn ló ń tù ú, kò sí omi nínú rẹ̀ rárá. Bàbá mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá mi wá dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó sì kúrò nídìí ọkọ̀ náà bí ẹni tó kúrò níbi òkú.

Ní gbogbo àkókò yìí, màmá mi ti wọ inú rẹ̀ lọ, ó ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣe díẹ̀ kó tó jáde. Ó ní, "Bàbá Bísọ́lá, èyí ló tù mí lára." Bàbá mi ní kó ní sùúrù.

Wọ́n ṣáná sí ìkejì. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà. Bàbá mi ní kí n wo abẹ́ rẹ̀ nítorí mo kéré. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, mo sì rí omi tó mọ́ tónítóní, tó ń já wálẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá irin.

Mo ní, "Bàbá, ó ń tọ̀."

Ọ̀gá Dírẹ́bà la ẹnu, ó wo ojú bàbá mi, ó sì pa á dé. Bí a ṣe ra ọkọ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni màmá mi gbé ẹja wọ̀ ọ́ lọ sí Oǹdó, pẹ̀lú awakọ̀ tí a gbà. Wọn kò tíì jìnnà sí Òkìtìpupa tí ẹ́ńjìnnì fi hó, tó rú èéfín, tó sì dákẹ́. Mẹkáníìkì tó wá wò ó ní rédíétọ̀, agolo tó ń gbé omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì, ti lu tipẹ́, pé ta ló ra ọkọ̀ tí omi ń jò báyìí. Màmá mi dá a lóhùn pé ọkọ òun ni, àti pé ó mọ ẹ́ńjìnnì. Lọ́rì ló tún wọ̀ dé Oǹdó. Orí àpò ló tún sùn.

Wọ́n fa bọ́ọ̀sì náà padà sí Igbókòdá, ó sì dúró síbẹ̀ títí ewéko fi bò ó. Obìnrin kan tó ń ta gàrí ra ti ẹlẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń rí ọkọ̀ náà tó ń kọjá ní Igbókòdá. Bí ó bá ti ń bọ̀, bàbá mi á kọjú sí odò bí ẹni pé wọ́n pè é láti ibẹ̀. Ikọ́ kò fi màmá mi sílẹ̀ mọ́ títí ó fi jáde láyé. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi rí. Èmi ni mo ń dá ara mi lẹ́bi, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ mẹkáníìkì lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ ládùúgbò wa, èmi ló ń mú lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù dára fún ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn tí kò sí mẹkáníìkì, nítorí kò ní rédíétọ̀ tó lè jò. Mo máa ń sọ ọ́ ketekete, n kì í kálòlò.

Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bísọ́lá, ìwọ lo mọ̀ ọ́n báyìí. Nínú méjèèjì yẹn, èwo ló yẹ ká rà fún ìyá rẹ?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn sọ ohun tó rí gan-an, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Èmi mọ ohun tó jẹ́.

Mo ní, "Èyí tí a rà náà ni, Bàbá."