Àwọ̀n Dúdú Lórí Adágún Epo

Kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀, èmi ni ògbufọ̀ ní ilé-iṣẹ́ epo pupa kan lẹ́yìn Ìkòròdú. Omi ẹ̀gbin wa ń ṣàn sínú adágún kan. Nígbà òjò, adágún á kún, á ya wọ odò tí àwọn ará abúlé ń mu. Wọ́n pariwo títí òyìnbó máníjà wa fi ní ká gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ sí i.

Ó fẹ̀ tán, ló bá di ojúde lékeléke. Bí wọ́n bá ti bà sínú rẹ̀, epo á lẹ ìyẹ́ wọn pọ̀, ó parí. Àwọn kan ń kó wọn sè jẹ, inú ń run wọ́n.

Mo ní bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ lè hun àwọ̀n tí a ó ta bò ó. Máníjà ní, “Kó jẹ́ funfun o, kí ẹyẹ lè rí i.”

Ẹ gbọ́ ná. Lọ́dọ̀ tiwa, apẹja kì í gbé àwọ̀n funfun jáde. A ó kọ́kọ́ sè é nínú omi èèpo igi títí yóò fi dúdú, kí ẹja má baà rí i. Àwọ̀n funfun, àwọ̀n ọ̀lẹ ni. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ìyẹn fún bàbá mi? Mo ní kí wọ́n hun àwọ̀n tí a ó ta bo adágún nítorí ẹyẹ, mi ò dárúkọ funfun.

Àwọ̀n tí wọ́n gbé dé èbúté dúdú kirikiri.

Bàbá mi ní, “Ẹja ọ̀sà pàápàá ò lè rí èyí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹyẹ!”

Lébìrà kan rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹyẹ là ń lé o, a ò pa á jẹ!”

“Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, ará oko tí ò mọ ọ̀sà.”

Máníjà wà ní Èkó. A ta àwọ̀n náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, lékeléke ti há sí i káàkiri, àwọn mìíràn ṣì ń jà pìtìpìtì. Máníjà dé, ó bú bàbá mi ní afọ́jú. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé, “Ó ní iṣẹ́ yín ò dáa.”

Bàbá mi ń fọwọ́ tọ ojú àwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Níbo ló ti já? Ẹ fi hàn mí.”

Kò já níbì kankan. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí mi. “Ṣé òyìnbó yìí sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ tí o ò sọ fún mi?”

“Rárá, Bàámi.”

“Á jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti darúgbó.”

Wọn ò hun àwọ̀n mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún àwọ̀n yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ sọ mí di ọ̀gá ògbufọ̀.