Àwòrán Méjì Lójú Kọ̀ǹpútà

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú ìrántí mi, páànù ṣọ́ọ̀bù náà ń pariwo lókè orí wa, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni mo sọ di òjò. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìjọba ológun ṣì wà, epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó, àbúrò mi ọkùnrin sì ti sá gba ibodè kọjá nígbà tí àwọn sójà ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ní ọjà Agbálátà pé wọ́n ti yìnbọn pa á.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kutọnú fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí mi: òun ti fi sikánà ya fọ́tò rẹ̀, òun sì ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ìyá wa lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ òun wà láàyè. Mo mú Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Morógbò. Fáìlì náà wọlé, ṣùgbọ́n kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ irú rẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Èkìtì kan, fún mi ní dísíkì tí ètò ìṣíwòrán wà nínú rẹ̀. Mo kó ètò náà sínú kọ̀ǹpútà, mo sì tò ó kó lè máa ṣí gbogbo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Mo tẹ orúkọ fáìlì náà. Kò sí ohun tó yọ. Ara mi kò balẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè: irun, iwájú orí, ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún yọ, ojú kan náà.

Màmá dìde fùú. Ìbejì ni àbúrò mi. Èkejì rẹ̀ ti kú ní kékeré. Àwọn onífọ́tò wa a máa tẹ àwòrán ìbejì tó kù lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí èyí tó lọ má baà dá wà. Màmá kò gbà kí wọ́n ṣe é fún tiwa rí. Ó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń pe alààyè.

"Wọ́n ti fi í ti èkejì rẹ̀! Ó ti bá a lọ!"

"Èkejì wo, Mà?" ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bi í. "Níbo lòun wà?"

"Ó lọ ṣẹ́ igi."

Bí àwa Ègùn ṣe ń sọ ọ́ nípa ìbejì tó kú nìyẹn. Kò yé ọmọ Èkìtì.

"Igi kẹ̀? Ṣé kò sí kẹrosíìnì níbẹ̀ ni?"

N kò mọ̀ bóyá mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa ọ̀kan dé. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó pẹ́.

"Níbo lo lé èkejì lọ?"

"Mà, ẹnìkan náà ni."

"Mo mọ̀. Dá a padà."

Mo dá a padà. Inú rẹ̀ dùn dé ilé, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi kò sinmi: fọ́tò kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n tó pa á ni wọ́n ti yà á ńkọ́? N kò sọ ọ́ jáde.

Obìnrin kan láti Kankon, tó máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ ní Kutọnú, ló fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún wa nígbà tó yá: lẹ́yìn tí òun ti gbọ́ ìròyìn ikú náà ní Agbálátà ni òun pàdé àbúrò mi lọ́hùn-ún, òun sì dúró tì í nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò náà.